Kí Lọmọ Yín Ń Gbọ́ Nínú Íápíìsì Yẹn?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orin tó wà lóde nílùú Accra kò nílò láti tan rédíò. Kó ṣáà lọ dúró sábẹ́ bíríìjì Circle ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ bá ń relé. Àwọn ọmọ tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ trotro, tí wọ́n ń pè ní "mate" níbẹ̀, á na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, wọ́n á máa fi ìka kan yí afẹ́fẹ́ po, wọ́n á máa pariwo "Sẹ́ẹ̀k, sẹ́ẹ̀k, sẹ́ẹ̀k!" Circle ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí l'Óṣòdì kò ní ṣàjèjì níbẹ̀ rárá. Orin ń dún nínú ọkọ̀, orin ń dún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, orin ń dún nínú báàrà tí wọ́n fi ń ti omi tútù kiri. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, ẹ máa gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó há, tó ń kọrin bí ẹni tó ń sunkún, tó sì tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tínú ń bí.

Ohùn yẹn ló gbé mi dé Accra. Àbí kí n kúkú sọ pé àbúrò ìyá mi ló gbé mi débẹ̀, nítorí ohùn yẹn.

Màámi Ghana là ń pè wọ́n nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ghana ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n lóṣù November ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú lọ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àìmọye ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Òfà àti Ṣakí, tó jẹ́ pé àtìgbà àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣòwò káàkiri Ghana, ló fi ṣọ́ọ̀bù àtilé sílẹ̀, tí wọ́n gbé ìwọ̀nba tí wọ́n rí gbé. Nígbà tó fi máa di oṣù January 1983, ọ̀rọ̀ yí padà, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana, báàgì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kẹ́rù sí sì gba orúkọ tá à ń pè é títí dòní. Màámi ò gba ti ìjọba méjèèjì. Wọ́n ko ọjà, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n fẹ́ ọmọ Ghana, wọ́n sì ń gbé Nima títí di bá a ṣe ń wí yìí. Ọkọ wọn ti dolóògbé. Àpò fóònù àti ṣájà ni wọ́n ń tà ní Circle.

Ọmọ wọn obìnrin wà ní Ítálì, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyẹn bí wà lọ́dọ̀ Màámi, ó sì ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nítorí ọmọ yìí ni wọ́n ṣe pè mí. Wọ́n ní ó ti di odi mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó bá ti ilé ìwé dé, á ki íápíìsì bọ etí, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó ní fìlà lẹ́yìn nínú ooru Accra, á wá jókòó sórí ìgbànú ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Tí wọ́n bá bi í léèrè pé kí ló ń gbọ́, á ní orin ni. Wọ́n ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúgbò kan pé orin àwọn ọmọ ìta ni, pé ó máa ń sọ ọmọ di ọmọ igbó. Wọ́n wá sọ fún mi lórí fóònù pé: "Ìwọ tó o kàwé ìròyìn, tó ò ń túmọ̀ èdè jẹun, máa bọ̀ wá bá mi túmọ̀ ọmọ yìí."

Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, mo wọkọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnù àti Lómè.

Àdúgbò tí ń kọrin

Kí n tó sọ bọ́rọ̀ ọmọ náà ṣe já sí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Circle díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, ibi tábìlì Màámi. Orúkọ ààrẹ àkọ́kọ́ ní Ghana ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, Kwame Nkrumah Circle. Ráńdábáòtì ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ bíríìjì alájà mẹ́ta tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016 síbẹ̀. Àwọn ará ìlú bá ń fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Dubai ni. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tip Toe Lane. Ilé ijó highlife kan tó lókìkí láyé àtijọ́, Tip Toe Gardens, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ibi tí àwọn bàbá àti ìyá ti jó nígbà náà, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ nísinsìnyí, fóònù tuntun, fóònù àlòkù, àti fóònù tó dáa kéèyàn má béèrè ibi tó ti wá.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú òwò yìí. Lọ́dún 2019 àti 2020, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn pa ní Circle, torí òfin Ghana sọ pé àjèjì tó bá fẹ́ máa tajà gbọ́dọ̀ ní owó ńlá tí wọ́n ń ka ní mílíọ̀nù dọ́là kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọmọ onílùú tí Màámi ní ló yọ wọ́n. Síbẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ táwọn gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣe làwọn padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn ni ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì àti pen drive àwọn èèyàn. Ẹ mú káàdì yín wá, ẹ san sídì díẹ̀, á bi yín pé irú èwo, highlife ni, gospel ni, àbí rap. Bó ṣe rí láyé kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn, bó ṣe rí láyé sídíìrọ́ọ̀mù, kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń gbọ́ orin báyìí. Kọ́bọ̀ kan ò dé ọwọ́ olórin nínú owó tí ọmọkùnrin yẹn ń gbà. Àmọ́ kí n má parọ́, irú ọwọ́ báyìí ló gbé orin àwọn ọmọ tálákà dé ibi tí rédíò ò gbé e dé.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdí kọ̀ǹpútà yìí gan-an ni Màámi ń jókòó sí láràárọ̀. Orin tí wọ́n ní kí n wá bá wọn yẹ̀ wò, wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́. Wọ́n ṣáà ń gbọ́ ọ bíi pé òjò ló ń rọ̀ sórí páànù.

Orin ọmọ ìta

Olórin tí ọmọ náà fẹ́ràn ni Black Sherif. Mohammed Ismail Sherif Kwaku Frimpong ni orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì bí i ní January 2002 ní Konongo, lágbègbè Ashanti, ó sì dàgbà sí Zongo ibẹ̀. Ohun tá à ń pè ní Sábó ní ilẹ̀ Yorùbá náà ni wọ́n ń pè ní Zongo ní Ghana, ibi táwọn Hausa, Yorùbá àtàwọn ẹ̀yà míì tó wá láti òkèèrè ń gbé. Nima pàápàá, Zongo ni.

Irú orin tó ń kọ kò ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní August 11, 1973, ní àdúgbò Bronx nílùú New York, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí wọ́n ń pè ní Kool Herc, lu àwo níbi àríyá kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe kó lè rówó ra aṣọ ilé ìwé. Ibi ọ̀rọ̀ aṣọ ilé ìwé nìyẹn ni wọ́n ka hip-hop sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1982, orin "The Message" ti Grandmaster Flash àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ bí ilé ayé ṣe rí lójú ẹni tó ń gbé láàárín ìdọ̀tí àti eku. Nígbà tó fi máa di 1988, N.W.A. gbé "Straight Outta Compton" jáde, pẹ̀lú èébú àti ìbínú tó mú kí àwọn òbí Amẹ́ríkà fara ya. Lẹ́yìn náà ni Wu-Tang Clan dé ní 1993, tí Nas gbé "Illmatic" jáde ní 1994 nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí Notorious B.I.G. tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní hardcore nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí: kò sí òróró lójú ọ̀rọ̀, kò sí pé kí inú ẹnikẹ́ni dùn. Wọ́n á ka orúkọ òpópónà, wọ́n á ka orúkọ ọ̀rẹ́ tó ti kú, wọ́n á sọ iye tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀yin òbí tó máa ń rí àmì dúdú-funfun kékeré lára àwo orin, tó ń kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yẹ ọmọdé, òbí bíi tiyín ló dá a sílẹ̀. Tipper Gore, ìyàwó aṣòfin Al Gore, ló ra àwo Prince fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ sì kó jìnnìjìnnì bá a. Lọ́dún 1985, òun àtàwọn ìyàwó olóṣèlú míì kó ara wọn jọ. Ìjà wọn ló bí àmì yẹn. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé àmì náà di ohun táwọn ọmọ ń wá kiri, kí wọ́n lè mọ èyí tó gbóná jù.

Àwọn ará Ghana ní tiwọn ò gbà pé ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà làwọn ti kọ́ ọ. Ẹ bi àgbààgbà wọn, wọ́n á sọ fún yín pé lọ́dún 1973 yẹn náà ni Gyedu-Blay Ambolley ti ń sọ̀rọ̀ wéréwéré lórí ìlù nínú "Simigwa-Do." Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tó dájú ni pé Reggie Rockstone, tó ti gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà sílé láàárín àwọn ọdún 1990, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Twi ṣe rap. Àwo rẹ̀, "Makaa Maka," jáde ní 1997. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ tó ń ṣe rap ní Accra máa ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bí ọmọ New York, ó sì máa ń rí bí ìgbà téèyàn wọ bàtà ẹlòmíì. Ohun tí Rockstone ṣe, tó fi èdè ìyá sínú ìlù òkèèrè, ni wọ́n ń pè ní hiplife.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn dé ní 1999. Obrafour gbé àwo kan jáde tó pè ní "Pae Mu Ka," ìyẹn ni pé kéèyàn sọ̀rọ̀ síta gbangba láìfi bò. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Hammer ló ṣètò ìlù rẹ̀, ìlù tó wúwo bíi pé ogun ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí orúkọ olórin yìí fi ṣe pàtàkì. Láàfin ọba Akan, ọbrafo ni ẹni tí ń mú idà, òun ni ń bẹ́ orí ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló máa ń dúró níwájú ọba láti ki í, pẹ̀lú ewì tí wọ́n ń pè ní apae. Idà àti oríkì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo! Nígbà tí ọmọkùnrin kan wá dìde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi orúkọ yẹn ṣe rap, tó sì ń bá àwọn alágbára ilẹ̀ wí, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn arúgbó. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá ọdẹ tàbí ewì Lánrewájú Adépọ̀jù rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Nima náà ní tiẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń jẹ́ VIP kó ara wọn jọ, wọ́n fi Twi, Ga, Hausa àti òyìnbó wẹ́wẹ́ kọrin. Orin wọn, "Ahomka Wo Mu," ló gbòde lọ́dún 2003, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ní Ghana Music Awards tọdún tó tẹ̀ lé e. Màámi rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Wọ́n ní gbogbo Nima ni kò sùn, pé títí dìgbà náà, tí èèyàn bá sọ fún agbanisíṣẹ́ pé Nima lòun ń gbé, ojú olè ni wọ́n á fi wò ó. Ní Tema, Sarkodie gbéra láti inú ìdíje rap kan tí Adom FM ń ṣe, tó ń jẹ́ Kasahare Level. Ọ̀rọ̀ tí ń yára ni kasahare, ẹnu Sarkodie sì yá tó fi jẹ́ pé ẹ máa rò pé kì í mí rárá. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, "Makye," jáde ní 2009.

Lọ́dún 2009 yẹn kan náà ni Dagrin gbé "C.E.O" jáde l'Ékòó. Kì í ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ ló ń pe ara rẹ̀ o, "Chief Executive Ọmọ Ìta" ni. Mo wà ní yunifásítì nígbà yẹn. Bàbá mi, tí kì í gbọ́ ju Yusuf Ọlátúnjí lọ, gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n pa á, pé ilé wọn kì í ṣe gáréèjì. Mo pa á. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní April 22, 2010, Dagrin kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ tó ṣe ní Mushin. Mo sunkún nínú yàrá mi, mi ò sì lè sọ fún bàbá mi pé nítorí ta ni. Nǹkan yìí ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń gun àkàsọ̀ ilé Màámi lọ ní Nima.

Alẹ́ tí Màámi di ògbufọ̀

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju bí mo ṣe rò lọ, àmọ́ ohùn Twi wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò wá bá a jà, orin ni mo wá gbọ́. Ó wojú ìyá rẹ̀ àgbà, ó wojú mi, ó yọ okùn íápíìsì kúrò lára fóònù.

"The Villain I Never Was" ló fi sí i, àwo tí Black Sherif gbé jáde ní October 2022. Orin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí lójú ẹsẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n wá túmọ̀, mi ò gbọ́ ju "medaase" lọ nínú Twi! Òyìnbó wẹ́wẹ́ tó ń dà pọ̀ mọ́ ọn ni mo ń ṣa gbọ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo láàárín iyanrìn. Mo yíjú sí Màámi. Mo ní: "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa túmọ̀ o."

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí yára jù. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọmọ náà dá a dúró, kó tún un gbé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, à ń dúró, à ń padà, bí ìgbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Níbi tí èébú bá wà, wọ́n á ṣu ẹnu pọ̀, wọ́n á fo ibẹ̀, ọmọ náà á sì rẹ́rìn-ín. Èébú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ sìgá àti ọ̀rọ̀ oògùn náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje kọ́ ni mo máa gbé e fún. Mi ò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ràn olórin kan kí n sọ fún yín pé gbogbo ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ló dáa. Àwọn ọmọ Kumasi tó ń kọ drill, irú èyí tó ti Chicago lọ sí London kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, táwọn ń pè é ní Asakaa, tún wá gbóná ju tiẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ìwé girama ṣì ni Yaw Tog nígbà tí orin rẹ̀, "Sore," gbòde lọ́dún 2020. Fídíò wọn kún fún ojú líle àti ìbòjú, débi téèyàn á fi rò pé ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi.

Ṣùgbọ́n ohun tí Màámi ń túmọ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ọmọ yìí ń sọ pé òun kúrò nílé láti lọ wá ọ̀nà jẹ, pé òun ti ṣìnà lójú ọ̀nà, òun sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń gbàdúrà níbì kan. Wọ́n ní ó ń bẹ̀rù níbòmíì, pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ gbàgbé òun. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní: "Ọmọ yìí ò ṣe jàǹdùkú. Ó ń rò ni." Ìrò tí wọ́n ń sọ yìí, ti ẹni tó jókòó ti ìṣòro rẹ̀ ni.

Ìgbà tá a dé orí "Oh Paradise," Màámi ò túmọ̀ mọ́. Orin ọ̀fọ̀ ni, fún ẹnì kan tí olórin náà fẹ́ràn tó ti kú. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ June 3, ọdún 2015.

Gbogbo Ghana ló mọ ọjọ́ yẹn. Òjò rọ̀ lálẹ́ náà títí odò Odaw fi kún, tí Circle di òkun. Àwọn èèyàn sá sábẹ́ òrùlé ilé epo kan nítòsí ibẹ̀ kí òjò má bàa pa wọ́n. Epo dà sójú omi, iná ràn mọ́ ọn, ilé epo náà gbiná. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú sínú omi àti iná lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Màámi ti tètè palẹ̀ ọjà wọn mọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ọmọ ọmọ wọn yìí ní ibà. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà, tó máa ń bá wọn ṣọ́ tábìlì tí wọ́n bá fẹ́ lọ jẹun, ní òun á dúró kí òjò dá díẹ̀. Wọn ò rí i mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí bíríìjì tuntun, tí gbogbo èèyàn ń yọ̀, àmọ́ Màámi ní ó pẹ́ káwọn tó lè kọjá síhìn-ín ilé epo yẹn lálẹ́.

Ọmọ náà ò mọ̀ rárá. Ó ní: "Màámi, èmi ni mo ní ibà tẹ́ ẹ fi tètè kúrò?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe nípa iná ló sọ. Ó ní ṣé a mọ̀ pé àwọn òbí Black Sherif náà lọ wá iṣẹ́ sí ilẹ̀ Gíríìsì nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹbí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ iye góòlù tí Black Stars jẹ. Èmi àti Màámi wo ara wa. Ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ ti wà ní Ítálì, gbogbo ìgbà tó bá pè, owó ilé ìwé àti bàtà ni wọ́n máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó tíì bi í léèrè bó ṣe ń rí lára rẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Konongo ti bá a sọ ọ́ ní gbangba, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ lé e lórí títí dé Amẹ́ríkà, níbi BET Hip Hop Awards ọdún 2023.

Màámi bi í pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n pe ìyá rẹ̀. Ó ní aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, pé ìyá òun á ti wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á pe ìyẹn tó bá wà níbi iṣẹ́. Mo dìde, mo jáde síta, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oníròyìn. Mo jókòó sórí ìgbànú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní ó máa ń jókòó sí. Látibẹ̀, èèyàn lè rí iná bíríìjì Circle lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé fún nǹkan bíi wákàtí kan, Twi ni wọ́n ń sọ, mi ò sì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọmọ náà jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ti dáńgájíá. Ó ṣì wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀. Ó ṣì gbàgbé láti da omi ilẹ̀ nù, Màámi sì pariwo lé e lórí. Àmọ́ Sátidé ni, ó bá wa lọ sí Circle, ó bá wọn gbé ẹrù, ohun tí Màámi ní ó ti pẹ́ tó ti ṣe kẹ́yìn.

Nínú trotro, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Nana Ampadu fún un, ẹni tó dá ẹgbẹ́ African Brothers sílẹ̀, tó kú lọ́dún 2021. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bàbá àwọn máa ń gbọ́ orin rẹ̀ kan tó ń jẹ́ "Ebi Te Yie." Ìpàdé àwọn ẹranko ni orin náà dá lé: ẹranko kékeré kan fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ àmọ̀tẹ́kùn jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó lè dìde. Ọdún 1967 lorin yẹn jáde, ìjọba ológun ló wà lórí oyè, kò sì sí àgbàlagbà kan tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àmọ̀tẹ́kùn. Ọmọ náà ní: "Hardcore nìyẹn nù un." Màámi ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn sí Twi, ọkọ̀ sì rẹ́rìn-ín títí kan mate.

Bá a ṣe dé ìdí tábìlì, Màámi yọ mẹ́mọ́rì káàdì kúrò nínú fóònù kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n nà án sí ọmọ oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó kó Nana Ampadu sí i, kó tún kó ti ọmọ Konongo yẹn sí i. Ó bi wọ́n pé ṣé sórí káàdì kan náà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ti Ampadu ni kó kọ́kọ́ wà lókè, kó sì dín owó rẹ̀ kù torí pé aládùúgbò làwọn.